Gólù mẹ́wàá: kí ni ẹgbẹ́ tí wọ́n ń tún kọ́ lè retí ní sáà tó ń bọ̀?

Ọmọ Àjàṣẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, nítorí àwọn tó ni ín ń ka ibí yìí. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ń gbowó oṣù ni, apá gúúsù ilẹ̀ Benin ló wà. Sáà tó kọjá, ó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 30: ó borí 8, ó gbá ọ̀mì 9, ó pàdánù 13. Ó gbá bọ́ọ̀lù 24 sáwọ̀n, wọ́n gbá 33 sí i. Póìntì 33 ló fi parí, díẹ̀ ló kù kó já wálẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, agbábọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án lọ, akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun dé, ọmọ mẹ́fà tí kò tíì pé ogún ọdún gòkè wá látinú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́. Ọ̀sẹ̀ méje ló kù kí líìgì bẹ̀rẹ̀. Àwọn aláṣẹ ní ipò márùn-ún àkọ́kọ́ làwọn ń lé. Ṣé ó ṣeé ṣe, àbí ọ̀rọ̀ rédíò ni? Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí, kó bá wa sọ ohun tí a lè dì mú.

Ìṣirò Ni (Kétu)
O ṣeun tó o kó iye sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń wá síbí wá béèrè láìmú nǹkan kan dání.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ipò sílẹ̀ ná, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ gólù. Níbi tí wọ́n bá ti ń fún ẹni tó borí ní póìntì 3, ẹgbẹ́ tí iye tó gbá sáwọ̀n bá dọ́gba pẹ̀lú iye tí wọ́n gbá sí i a máa kó nǹkan bíi póìntì 1.37 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Nínú 30, ìyẹn jẹ́ 41. Gólù kọ̀ọ̀kan tó bá lé, ẹ fi bíi 0.65 kún un; èyí tó bá dín, ẹ yọ ọ́. Tiyín dín ní 9. 9 lọ́nà 0.65 súnmọ́ 6. Ẹ yọ 6 kúrò nínú 41, ó ku 35. 33 lẹ ní. Póìntì méjì péré ni orí burúkú gbà lọ́wọ́ yín. Ìyókù, ẹsẹ̀ yín ló ṣe é.

Ẹni tó bá rò pé orúkọ ńlá ń yí ìṣirò yìí padà, kó wo Chelsea ní sáà 2022 sí 2023. Wọ́n náwó bí ẹni pé kò ní í tán, síbẹ̀ gólù 38 ni wọ́n gbá nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38, wọ́n gbá 47 sí wọn, póìntì 44, ipò kejìlá. Ìyàtọ̀ wọn dín ní 9, bíi tiyín gan-an.

Kí ẹ tó lè kó póìntì 46 tó lè gbé yín súnmọ́ ipò karùn-ún, gólù yín gbọ́dọ̀ fi bíi 8 lé. Láti ibi tí ẹ wà, gólù 17 nìyẹn. Ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ènìyàn mẹ́sàn-án kì í rí gólù 17 he nílẹ̀. Àmọ́ póìntì 42, níbi tí ọkàn ti ń balẹ̀, gólù mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá ló ń béèrè. Èyí tí ẹ gbá sáwọ̀n àti èyí tí ẹ kò jẹ́ kó wọlé, ẹ pa wọ́n pọ̀. Ẹ sọ fáwọn aláṣẹ pé mẹ́wàá lẹ ń wá. Kí gbogbo ìmọ̀ràn tí wọ́n bá fún yín níbí dáhùn ìbéèrè kan: gólù mélòó ló wà níbẹ̀?

Ohun kan ṣì kù. Mẹ́sàn-án tó lọ yẹn, ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n gbá? Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 30, ìṣẹ́jú 90, ènìyàn 11: ó jẹ́ 29,700. Ẹ ka ìṣẹ́jú àwọn tó ṣẹ́kù, kí ẹ wo ìdá mélòó ló jẹ́. Bó bá lé ní 60 nínú 100, ẹ kì í ṣe ẹgbẹ́ tí wọ́n ń tún kọ́, ògiri lẹ kàn ń kùn. Bí kò bá tó 40, ẹ má retí ohun tó dáa nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́.

Ọmọ Àjàṣẹ́
Mo ti kà á. 14,256. Ìdá 48 nínú 100. Aṣọ́lé àgbà lọ, ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù náà lọ. Àwọn méjèèjì tó ń gbá àárín ẹ̀yìn wà síbẹ̀, agbábọ́ọ̀lù àárín kan náà wà tó gbá gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àfi méjì.

Ìṣirò Ni (Kétu)
Àárín ẹ̀yìn méjèèjì wà? Ó ti dín ẹ̀rù mi kù. Ẹ má jẹ́ kí akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun tú wọn ká nítorí pé ó fẹ́ fi ara rẹ̀ hàn.

Ọmọ Akaba Ìdẹ̀nà (Kétu)
Mo gbè é lẹ́sẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa sọ nípa Bayer Leverkusen ti ilẹ̀ Jámánì bí ẹni pé Xabi Alonso, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà náà, dé pẹ̀lú àpò owó. Oṣù kẹwàá ọdún 2022 ló dé, ipò kejì láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà. Ipò kẹfà ni wọ́n fi parí sáà yẹn. Lẹ́yìn náà ló wá ra Xhaka, ó mú Grimaldo lọ́fẹ̀ẹ́ torí àdéhùn rẹ̀ ti parí, ó ra Boniface tiwa. Tah àti Tapsoba tó bá lẹ́yìn, kò lé wọn. Wirtz àti Frimpong, wọ́n wà níbẹ̀. Sáà 2023 sí 2024, wọ́n borí 28, wọ́n gbá ọ̀mì 6, ẹnikẹ́ni kò nà wọ́n nínú líìgì Jámánì. Orí ohun tó wà nílẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ lé.

Èrò Ìwòran
Ẹ̀yin oníṣirò, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀. Ọdún 2019, nínú ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà, ilẹ̀ Benin kò borí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo nínú ìṣẹ́jú 90, wọ́n sì dé ipò mẹ́jọ tó kẹ́yìn ní Íjíbítì. Ọ̀mì pẹ̀lú Gánà, ọ̀mì pẹ̀lú Guinea-Bissau, ọ̀mì pẹ̀lú Kamẹrúùnù, ọ̀mì 1 sí 1 pẹ̀lú Mòrókò, lẹ́yìn náà pẹnárítì. Ẹ ti ẹ̀yìn pa, ó tán.

Ìṣirò Ni (Kétu)
Ẹ̀gbọ́n, ìdíje ife nìyẹn. Nínú ife, ọ̀mì mẹ́ta gbé ènìyàn kọjá ìpele àkọ́kọ́, pẹnárítì sì lè ṣe ìyókù. Nínú líìgì, ọ̀mì mẹ́rin jẹ́ póìntì 4. Ẹni tó borí méjì tó sì pàdánù méjì ní 6. Ẹgbẹ́ yìí gbá ọ̀mì 9 ní sáà tó kọjá; bí wọ́n bá sọ méjì nínú rẹ̀ di ìborí, póìntì 4 nìyẹn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn líle dára, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ jẹ́ òun nìkan.

Aṣọ́lé Àtijọ́ (Ṣábẹ̀)
Ẹ jẹ́ kí n wá sórí aṣọ́lé, nítorí ibẹ̀ ni gólù tó pọ̀ jù wà, ibẹ̀ sì ni àwọn aláṣẹ kì í fẹ́ náwó sí.

Ẹ wá iye bọ́ọ̀lù tó kọjú sáwọ̀n yín gan-an ní sáà tó kọjá, kì í ṣe èyí tó lọ sókè tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ká ní ó jẹ́ 110. Gólù 33 wọlé, ìyẹn ni pé aṣọ́lé mú 77, ìdá 70 nínú 100. Aṣọ́lé tó bá ń mú 75 nínú 100 kò ní í jẹ́ kó ju 27 tàbí 28 lọ. Gólù márùn-ún nìyẹn, láti ọwọ́ ènìyàn kan. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́jọ péré ṣèdájọ́ aṣọ́lé, torí bọ́ọ̀lù 30 kò tó láti mọ irú ẹni tó jẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mú tuntun, ẹ má wo fídíò tí aṣojú rẹ̀ fi ránṣẹ́. Aṣojú kì í fi ibi tí ọjà rẹ̀ ti bàjẹ́ hàn. Ẹ lọ jókòó wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, méjì nílé, méjì ní ìrìn àjò, kí ẹ mú ìwé àti bírò dání. Ẹ fi àmì sí ohun mẹ́ta. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbé láti ẹ̀gbẹ́ wá síwájú òpó: ṣé ó jáde, ṣé ó gbá a mọ́ra, àbí ẹ̀ṣẹ́ ló fi gbá a sáàárín níbi tí ọ̀tá dúró sí? Ìgbà tí bọ́ọ̀lù wà lápá kejì pápá: ẹsẹ̀ mélòó ló fi jìnnà sí àwọ̀n rẹ̀? Aṣọ́lé tó lẹ̀ mọ́ ìlà gólù nígbà tí ẹ̀yìn yín ti gòkè yóò jẹ́ kí ọ̀tá máa gbá bọ́ọ̀lù gígùn wọ àlàfo yẹn. Ẹ̀kẹta, ohun tó ń ṣe lẹ́yìn tó bá ti ṣàṣìṣe. Òun ni mo máa ń wò jù.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ẹni tí kò gbé agbègbè wa kò ní í mọ̀. Ní Àjàṣẹ́, ẹ̀yìn ọ̀tún yín lè máa sọ Gùn, ẹ̀yìn òsì lè jẹ́ ọmọ Parakou, aṣọ́lé tuntun lè jẹ́ ọmọ Ìbàdàn tí kò gbọ́ Faransé rárá. Gólù tó ń wọlé torí pé ènìyàn méjì jọ dúró wo bọ́ọ̀lù, èdè ló fà á. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an, ẹ jọ fẹnu kò lórí igbe márùn-ún, kò ju márùn-ún lọ: "Tèmi!", "Gbá a lọ!", "Jáde!", "Ẹ̀yìn rẹ!", "Dúró!" Èdè tó wù kó jẹ́, kí gbogbo wọn lo ọ̀kan. Kẹ́ ẹ sì máa fi ṣeré ìdárayá pẹ̀lú òfin pé ẹni tó bá fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù tàbí fẹsẹ̀ kàn án láìpariwo, bọ́ọ̀lù ti di ti ẹgbẹ́ kejì. Ọjọ́ mẹ́rin péré, ẹnu wọn á là.

Onífèrè
Kí n fi kún ti aṣọ́lé: láti sáà 2025 sí 2026, aṣọ́lé tó bá di bọ́ọ̀lù mọ́wọ́ ju ìṣẹ́jú-àáyá 8 lọ, kọ́nà ni rẹfirí máa fún ẹgbẹ́ kejì. Òfin àtijọ́ sọ 6, ìfẹsẹ̀gbá-ọ̀fẹ́ ni wọ́n kọ sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń fọn fèrè sí i. Èyí tuntun, a ń ka á: rẹfirí á gbọ́wọ́ sókè, á fi ìka ka márùn-ún tó kẹ́yìn. Ẹgbẹ́ tó ti sọ ọ́ di àṣà pé aṣọ́lé á dùbúlẹ̀ lórí bọ́ọ̀lù láti ìṣẹ́jú 80 lọ, kó yáa kọ́ nǹkan mìíràn.

Ìwé Ló Ń Jẹ́ (Àjàṣẹ́)
Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ìwé rẹ̀ kò dé, orí bẹ́ǹṣì gan-an kò ní í jókòó.

Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń tún kọ́ a máa mú ènìyàn wọlé lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àsìkò ìforúkọsílẹ̀ méjì ló wà nínú ọdún. FIFA fàyè gba ẹni tí àdéhùn rẹ̀ ti parí kí àsìkò náà tó kádìí, pé kí ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè, àní láti Ìdìròkò tí ẹ lè fi kẹ̀kẹ́ dé, ìwé ẹ̀rí ìyọ̀ǹda àgbáyé ni yóò gbé e wá, orí TMS, ẹ̀rọ ayélujára tí FIFA fi ń ṣe ìwé agbábọ́ọ̀lù tó ń pààrọ̀ ẹgbẹ́, sì ni ẹgbẹ́ méjèèjì ti máa fi ọwọ́ sí i. Bí ẹgbẹ́ tó ń tà á kò bá ní ẹni tó mọ ẹ̀rọ náà lò, ọ̀sẹ̀ méjì lè lọ lórí ìwé kan ṣoṣo. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún kí ẹ tó béèrè iye owó.

Ẹ béèrè pẹ̀lú pé ẹgbẹ́ mélòó ni agbábọ́ọ̀lù náà ti forúkọ sílẹ̀ fún ní sáà yìí. Mẹ́ta ni ó pọ̀ jù, méjì péré ló sì lè gbá bọ́ọ̀lù fún nínú ìdíje. Mo mọ̀ pé ẹ rò pé gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn.

Àwọn ọmọ tí kò tíì pé 18 ńkọ́? FIFA kò gbà kí wọ́n kọjá ẹnubodè torí bọ́ọ̀lù. Àmọ́ àyè kan ṣí sílẹ̀ fún àwa tí a wà lẹ́bàá ẹnubodè: bí ilé ọmọ náà kò bá ju kìlómítà 50 sí ẹnubodè, tí ẹgbẹ́ náà kò sì ju 50 lọ sí ẹnubodè yẹn kan náà, tí ilé rẹ̀ sí ẹgbẹ́ kò ju 100 lọ, ó lè máa gbé ilé àwọn òbí rẹ̀ kó máa wá gbá bọ́ọ̀lù, bí àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ méjèèjì bá fọwọ́ sí i. Àjàṣẹ́ àti Kétu wà nínú ìwọ̀n yẹn. Ẹgbẹ́ tó gbọ́n yẹ kó máa lò ó.

Owó oṣù: bí ẹ bá jẹ agbábọ́ọ̀lù ní gbèsè owó oṣù méjì, ó lè kọ̀wé sí yín kó fún yín ní ọjọ́ 15, lẹ́yìn náà ó lè já àdéhùn kó lọ lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì tún béèrè owó ìtánràn. Nítorí náà kí ẹ tó ra ẹni kẹwàá, ẹ ka iye oṣù tí owó tó wà nílẹ̀ lè san fáwọn mẹ́sàn-án. Mo rò pé ẹgbẹ́ tó ní ènìyàn 22 tó ń gbowó lásìkò sàn ju èyí tó ní 30 tó ń dúró dé ọjọ́ tí alága máa dé láti Kùtọnù.

Owó tó wà fún yín tí ẹ kò mọ̀ náà ń bẹ. Bí ọmọ tí ẹ tọ́ dàgbà bá wà ní òkèèrè, tí ẹgbẹ́ kan sì rà á lọ́wọ́ ẹgbẹ́ mìíràn kí àdéhùn rẹ̀ tó parí, ìdá 5 nínú 100 owó náà jẹ́ ti àwọn tó tọ́ ọ láti ọdún 12 sí 23. Ọdún 12 sí 15, ìdá 0.25 ni fún ọdún kọ̀ọ̀kan. 16 sí 23, ìdá 0.5. Bó bá wà lọ́dọ̀ yín fún ọdún mẹ́rin láti 16 sí 19, ìdá 2 jẹ́ tiyín. Mílíọ̀nù Yúrò kan, 20,000 Yúrò ni, ìyẹn 13,119,140 sẹ́fà. Ẹ wá ìwé ìforúkọsílẹ̀ àtijọ́ jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Bí èkúté bá ti jẹ ẹ́, owó yín ló jẹ.

Olùtọ́jú Ẹsẹ̀
Ọ̀sẹ̀ méje tó, bí ẹ kò bá fi méjì àkọ́kọ́ sáré yípo pápá títí àwọn ọmọ á fi bì.

Ọjọ́ kìíní: ìwọ̀n ara, àyẹ̀wò ọkàn pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ya lílù rẹ̀, àyẹ̀wò orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀. Ọjọ́ kejì: àdánwò Yo-Yo. Ẹ fi kóònù sí mítà 20, wọ́n á lọ wọ́n á bọ̀ bí ohùn bá ti dún, wọ́n á sinmi fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, ohùn á sì máa yára sí i. Agbábọ́ọ̀lù líìgì yẹ kó kọjá mítà 2,000. Ẹni tí kò bá dé 1,600, ẹ má bú u. Ẹ fún un ní iṣẹ́ tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ má jẹ́ kó bá àwọn yòókù sáré títí tí ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi já.

Lẹ́yìn ìdárayá kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè lọ́wọ́ olúkúlùkù pé láti 1 dé 10, báwo ló ṣe le tó. Ẹ fi ìdáhùn rẹ̀ lọ́nà iye ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú 90 ní 6 jẹ́ 540. Ẹ kó ti ọ̀sẹ̀ náà jọ, kí ẹ má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e fi ju ìdá 10 sí 15 lọ. Ìwé àti bírò tó fún un, ẹ kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá. Béèrè lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìkọ̀kọ̀ o. Bí wọ́n bá jọ wà lójú kan, gbogbo wọn á sọ 5 kí wọ́n má bàa dà bí ọ̀lẹ.

Iṣan ẹ̀yìn itan ló ń já jù. Kí wọ́n kúnlẹ̀, kí ẹnìkan di kókósẹ̀ wọn mú, kí wọ́n rọra dà síwájú láìtẹ ìbàdí, wọ́n á fi iṣan yẹn dúró títí kò fi ní í ṣeé ṣe mọ́, ọwọ́ á sì gbà wọ́n. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ̀ẹ̀kan, márùn-ún lọ́nà méjì. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀ẹ̀mejì, mẹ́fà lọ́nà méjì. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta, mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ́nà mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, mẹ́jọ sí mẹ́wàá lọ́nà mẹ́ta. Ìwádìí tí wọ́n ti ṣe léraléra fi hàn pé ó ń dín ìpalára yẹn kù sí ìlàjì. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé àwọn kan máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́wàá lọ́nà mẹ́ta lọ́jọ́ kìíní, lọ́jọ́ kejì kò sí ẹni tó lè sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, wọ́n á wá sọ pé kò dáa.

Òógùn: ẹ wọ̀n wọ́n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí wọ́n bá parí. Kílò kan tó dín, lítà kan àti ààbọ̀ ni kí ó mu díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń pàdánù kílò méjì lójúmọ́ tí kò dá a padà, òun ni ìṣẹ́jú 75 máa pa. Ọmọ Àjàṣẹ́, gólù mélòó ni wọ́n gbá sí yín lẹ́yìn ìṣẹ́jú 75?

Ọmọ Àjàṣẹ́
Mọ́kànlá nínú 33. Mi ò kà á rí títí ẹ fi béèrè.

Olùtọ́jú Ẹsẹ̀
Ìdá kan nínú mẹ́ta, láàárín ìdá kan nínú mẹ́fà àkókò. Gólù máa ń pọ̀ díẹ̀ ní ìparí níbi gbogbo, ṣùgbọ́n kì í tó bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta nínú gólù mẹ́wàá yín wà níbẹ̀.

Onífèrè
Díẹ̀ nínú rẹ̀ tún wà lọ́wọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Pààrọ̀ márùn-ún ló wà, ṣùgbọ́n ìdádúró mẹ́ta péré, yàtọ̀ sí ìsinmi. Ọ̀pọ̀ ni mo ń rí tó ń lo ìdádúró kìíní ní ìṣẹ́jú 55 fún ẹnìkan, kejì ní 63 fún ẹnìkan, kẹta ní 70 fún ẹnìkan. Ẹnìkan á wá já iṣan ní 78, wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ènìyàn mẹ́wàá, pààrọ̀ méjì ṣì wà lápò wọn. Ẹ pààrọ̀ méjì papọ̀ ní bíi ìṣẹ́jú 60, méjì papọ̀ ní bíi 72, kí ẹ fi ìkẹyìn pamọ́. Kí àwọn ọmọ tuntun mẹ́fà náà máa wọlé nígbà yẹn, ẹ má fi mẹ́ta nínú wọn bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọ Akaba Ìdẹ̀nà (Kétu)
Ó kù wá sórí kọ́nà. Ẹgbẹ́ kan a máa rí bíi kọ́nà 4 sí 5 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, ẹ sọ pé 140 nínú sáà. Nǹkan bíi 3 nínú 100 ló ń di gólù, ìyẹn 4. Bí ẹ bá gbé e dé 5 nínú 100, 7 ni. Gólù mẹ́ta, láìra ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà méjì péré lẹ nílò, ẹ má kọ́ wọn ní mẹ́jọ. Èkíní: ẹni tó ń gbá a yóò gbọ́wọ́ kan sókè. Bọ́ọ̀lù máa lọ sí òpó tó súnmọ́, ní orígun àpótí kékeré, kó ga tó orí ènìyàn, kó má leè gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó yára jù á sáré wá láti ibi pẹnárítì, á kàn án pẹ̀lú orí sẹ́yìn. Àárín ẹ̀yìn yín méjèèjì á ti pínyà: ọ̀kan síwájú aṣọ́lé, ọ̀kan sí òpó kejì. Ẹnìkan dúró síta àpótí fún bọ́ọ̀lù tó bá padà bọ̀. Ènìyàn méjì dúró sẹ́yìn, ó kéré tán. Èkejì: ọwọ́ méjì sókè, bọ́ọ̀lù kúkúrú, ènìyàn méjì sí ọ̀kan. Bí ẹgbẹ́ kejì bá fi ènìyàn kan ṣoṣo ṣọ́ ẹni tó ń gbá kọ́nà, ẹ lo èyí. Ìṣẹ́jú 15, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ọ̀kan nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀.

Ohun tó ń bà á jẹ́ jù ni ẹni tó ń gbá a. Bí ẹ kò bá ní ẹni tó lè gbé bọ́ọ̀lù mẹ́fà nínú mẹ́wàá bọ́ sínú ìwọ̀n aṣọ ìbora kan, gbogbo ètò yìí di ariwo lásán. Ẹ tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀ gan-an lórí koríko, kí àwọn mẹ́rin díje. Ẹni tó bá borí ló ni kọ́nà, kì í ṣe ẹni tó pẹ́ jù nínú ẹgbẹ́.

Èrò Ìwòran
Aṣọ ìbora! Ìyàwó ilé á gbọ́.

Onípápá
Ọ̀rọ̀ kékeré. Bí pápá yín bá jẹ́ koríko àtọwọ́dá, ọ̀sán gangan ilẹ̀ rẹ̀ a máa gbóná ju koríko gidi lọ lọ́nà tó ń jó àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ fi omi wọ́n ọn kí wọ́n tó wọlé, kẹ́ ẹ sì ṣe ìdárayá kí agogo mẹ́sàn-án tó lù tàbí lẹ́yìn márùn-ún. Bàtà tó ní ẹ̀gún kúkúrú tó pọ̀ ni kí wọ́n wọ̀. Èyí tó ní ẹ̀gún gígùn mẹ́fà, ó máa di ẹsẹ̀ mú nígbà tí ara bá ń yí, orúnkún ló sì máa san án. Bí ẹ bá ń lọ Parakou, ó lé ní kìlómítà 400 láti Àjàṣẹ́: ẹ lọ ní ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ dúró ní wákàtí méjì-méjì kí wọ́n na ẹsẹ̀. Ìrẹsì tàbí ẹ̀kọ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Iyán Ṣábẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá ń padà.

Aṣọ́lé Àtijọ́ (Ṣábẹ̀)
Bí wọ́n bá borí ni kí wọ́n yà jẹ ẹ́ o.

Ọmọ Àjàṣẹ́
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ṣírò rẹ̀: aṣọ́lé, bóyá mẹ́ta kí n má sọ márùn-ún, ìparí, mẹ́ta, kọ́nà, mẹ́ta. Mẹ́sàn-án. Ọ̀kan tó kù, ẹni tó máa rọ́pò agbábọ́ọ̀lù iwájú tó lọ ló máa mú un wá. Ọmọ Nàìjíríà ni, aṣọ́lé tuntun náà bẹ́ẹ̀. Ìwé Ló Ń Jẹ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ìwé wọn báyìí: ọjọ́ ìbí agbábọ́ọ̀lù iwájú náà jẹ́ oṣù kẹta lórí páásípọ́ọ̀tù, ó sì jẹ́ oṣù karùn-ún lórí ìwé tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ránṣẹ́.

Ìwé Ló Ń Jẹ́ (Àjàṣẹ́)
Ẹ má tíì tẹ nǹkan kan lórí TMS. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún kọ́kọ́ tún tiwọn ṣe lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù wọn, kí wọ́n fi ìwé tuntun ránṣẹ́ pẹ̀lú òǹtẹ̀, kó bá páásípọ́ọ̀tù mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí ẹ bá tẹ èyí tó yàtọ̀ wọlé, orúkọ méjì ló máa wà fún ènìyàn kan, yíyọ ọ̀kan kúrò sì máa ń gba àkókò ju ọ̀sẹ̀ méje tí ẹ ní lọ. Ti aṣọ́lé, bí tirẹ̀ bá mọ́, ẹ fi ránṣẹ́ lónìí, ẹ má so méjèèjì pọ̀. Kí agbábọ́ọ̀lù iwájú náà ṣì máa bá yín ṣe ìdárayá. Ẹ sì fi àwòrán ojú ewé àkọ́kọ́ páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ pamọ́ síbi tí kì í ṣe fóònù ẹnìkan ṣoṣo.